Igi Tí Ó Rì Lójú Gbogbo Wa

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Karùn-ún

Wọ́n gbé Mọ́nsúrátù dé láti ilé ìwòsàn lónìí. Ọ̀pá ló fi ń rìn. Obìnrin tí a jọ dàgbà létí omi, tó máa ń ru agbọ̀n ẹja wọnú ọkọ̀ láì fọwọ́ kan nǹkan kan, òun ló di ẹni tí wọ́n ń mú lọ́wọ́ wọ yàrá. Omi lé sí mi lójú. Ó ní, "Fàúsá, má dà mí láàmú o. Èmi tí mo já sómi ò sunkún, ìwọ tó wà lórí ilẹ̀ ló ń sunkún."

Ìbínú ni, kì í ṣe ẹkún. Arère ni wọ́n fi tẹ́ orí èbúté wa nígbà tí wọ́n tún un ṣe gbẹ̀yìn. Arère! Igi fúyẹ́fúyẹ́ tí kòkòrò ń lu nínú ilé gbígbẹ, òun ni wọ́n tẹ́ sórí omi oníyọ̀ pé kí àwọn èèyàn máa rìn lórí ẹ̀. Ó jẹrà, ó já mọ́ Mọ́nsúrátù lẹ́sẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Bẹ́ẹ̀ ni díẹ̀ nínú àwọn òpó tí bàbá mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé ṣì dúró nínú omi kan náà títí di òní. Ẹkì ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Mi ò tíì rí igi tó le tó o. Ó pupa, ó wúwo bí irin, ìṣó kì í wọ̀ ọ́ lára àfi tí wọ́n bá kọ́kọ́ lu ihò sí i, àwọn kòkòrò inú omi tó ń jẹ igi kì í sì í fẹ́ sún mọ́ ọn.

Títí ọmọ mi ń gba orí èbúté yẹn lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́. Nọ́ọ̀sì ni ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní òdìkejì omi. Oyún sì wà nínú rẹ̀. Mo ní kó gba ìsinmi, ó ní ta ni yóò wá máa gbẹ̀bí fún àwọn ará ibẹ̀.

A ṣe ìpàdé ìgbìmọ̀ èbúté lẹ́yìn ìrun Àsàrì. Èmi ni aṣojú àwọn obìnrin. Gbogbo ilé ti dá owó, ó ku ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́. Mo fa Akínṣọlá kalẹ̀, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó ń ṣe iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe ní Iba. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Alhaji Sàlàkọ́, alága wa, wò mí títí, ó ní, "Ìyá Títí, ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún un?" Mo ní mo lè. A ní ẹkì ni kó lò látòkè délẹ̀, kò gbọ́dọ̀ da igi mìíràn pọ̀ mọ́ ọn.

Ọjọ́rú, 14 oṣù Karùn-ún

Igi dé. Lọ́rì tó gbé e wá ti há sí Okokomaiko láti àárọ̀, ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n já a sílẹ̀, dúdú ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ti fi ọ́ìlì tí àwọn mẹkáníìkì ti lò tán kùn ún látorí dé ìdí. Mo bi Akínṣọlá pé kí ló dé tó fi kùn ún kí a tó rí àwọ̀ ara rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nítorí ikán ni."

"Ikán wo ló ń gbé inú omi?"

Ó rẹ́rìn-ín. Gbogbo ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, kí wọ́n má baà ní mò ń le mọ́ ọmọ ilé mi.

Wọ́n gé orí pákó kan, wọ́n là á sí méjì bí a ti ń ṣe é láti dán igi wò, nítorí ẹkì kì í léfòó. Alhaji Sàlàkọ́ mú ìdajì, ó ṣe bísímílà, ó jù ú sómi. Igi náà kò tilẹ̀ yíra padà lójú omi, ó lọ sísàlẹ̀ tààrà. Alhaji ké pé, "Ó rì!" Gbogbo wa dá a lóhùn pé, "Ó rì!" a sì pàtẹ́wọ́. Tí a bá ti ké e báyìí, ọ̀rọ̀ igi náà ti parí nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ tún yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Ìdajì kejì, èmi ni wọ́n gbé fún. Ilé ìdáná aṣojú obìnrin ló máa ń lọ. Ìyá mi náà gbé irú rẹ̀ wálé nígbà tiwọn, wọ́n sì máa ń gbé e sórí àjà tí a ti ń yan ẹja. Mo bi Alhaji kí ni ìdí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Èmi olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, mo wá ń gbé ìtì igi gba àárín ìlú kọjá bí ẹni ra igi ìdáná bọ̀. Ó wúwo, omi àti ọ́ìlì sì ń kán lára rẹ̀ sí ìró mi. Mo jù ú sórí àjà, mo lọ fọ ọwọ́. Ọ́ìlì yẹn kò tíì kúrò lára ìró yẹn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Karùn-ún

Mo ya èbúté lọ wo iṣẹ́. Muheez káfíńtà ń kan ìṣó, ó ń súfèé. Kó, kó, kó, ìṣó ti wọlé. Mo dúró tì í, ó tún mú òmíràn, kó, kó, ìyẹn náà ti wọlé. Mo rántí bí bàbá mi ṣe máa ń fi ìlu lu ẹkì, tí òógùn á bò ó, tí irin á gbóná débi pé wọ́n á máa da omi sí i.

"Muheez, o ò lu ihò kí o tó kàn án?"

"Màmá, èyí ò nílò ẹ̀ rárá. Ó ń gba ìṣó bí ẹni gba àlejò."

Mo pe Akínṣọlá lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Ó ní ìṣó òde òní ló mú ju ti àtijọ́ lọ, láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá. Ọmọ tí mo kọ́ ní A, B, D! Ó rò pé mi ò mọ ìṣó ni? Ṣùgbọ́n a ti ké pé ó rì, ojú mi ló sì ṣe, ẹnu mi ni mo fi ké e. Mo lọ sílé, mo ń bínú sí i, mo tún ń bínú sí ara mi pé mò ń fura sí ẹ̀jẹ̀ mi.

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Karùn-ún

Òjò láti àárọ̀. Owó ọkọ̀ ojú omi tún ti lọ sókè. Títí bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó wọ́ omi dé orúnkún kó tó dé ìdí ọkọ̀, nítorí wọ́n ti tú pákó àtijọ́ kúrò. Òkè, ọmọkùnrin tó ń wa ọkọ̀, ní òun á máa gbé e pọ̀n. Aláwàdà!

Ọjọ́ Ẹtì, 6 oṣù Kẹfà

Ọdún Iléyá. Akínṣọlá fi odidi itan àgbò ránṣẹ́ sí mi. Lọ́dún tó kọjá, ọrùn ló fi ránṣẹ́. Mo gbọ́ pé itan kejì ti wọ ilé Alhaji Sàlàkọ́. Àgbò kan, itan rẹ̀ méjèèjì ti lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe ìpàdé èbúté. Mo dín díẹ̀, mo gbé díẹ̀ fún Mọ́nsúrátù. Ó dùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 oṣù Kẹfà

Mi ò tíì bọ́ aṣọ tútù lára bí mo ṣe ń kọ èyí.

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì dá títí di ọ̀sán. Gọ́tà tó wà níwájú ilé kún, àgbàrá wọ inú àgbàlá, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọ ilé ìdáná. Mo ká ìró sókè, mo ń kó ìkòkò sórí tábìlì. Gbogbo nǹkan ń léfòó kiri: sálúbàtà Títí, abẹ̀bẹ̀, ike epo tó ṣófo. Nǹkan dúdú kan wá ń bọ̀ láàárín wọn, ó ń yí po wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wá kàn mí ní ojúgun.

Igi èbúté ni.

Mo ti sọ ọ́ kalẹ̀ láti orí àjà lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí atẹ́gùn má máa gbá a. Òun ló wá ń léfòó níwájú mi pẹ̀lú sálúbàtà. Mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọ inú omi, ó tún jáde. Mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó tún jáde. Mo gbé e sókè, ọwọ́ kan péré ló gbé e. Igi tí mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé láti èbúté délé, tí ọrùn ń ro mí!

Mo mú ọ̀bẹ, mo fá ọ́ìlì ara rẹ̀ kúrò. Inú rẹ̀ funfun, ó fẹ́ẹ́ pọ́n bí èèpo ìrẹsì. Ẹkì kọ́ nìyí. Bàbá mi ìbá ti mọ̀ ọ́n ní fífi imú gbóòórùn rẹ̀ nìkan. Omi tó ti mu yó ló jẹ́ kó rì lọ́jọ́ yẹn. Èéfín àti iná ilé ìdáná mi ti gbẹ ẹ́, omi ti jáde lára rẹ̀, irọ́ sì jáde tẹ̀ lé e.

Mo dúró nínú àgbàrá, mo ń pariwo orúkọ Akínṣọlá. Àwọn ará ilé kejì rò pé mo ṣubú.

Ọjọ́rú, 18 oṣù Kẹfà

Mo di igi náà sínú àpò ìrẹsì, mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá lọ sí Iba. Ọ̀nà ti bàjẹ́, ẹrẹ̀ dé ibi tójú ò gbọ́dọ̀ rí. Ìyàwó rẹ̀ gbé málítì wá. Mo ní kó gbé e padà.

Mo yọ igi, mo gbé e sórí tábìlì onígíláàsì wọn.

"Kí nìyí, Akínṣọlá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná."

"Mo ní kí nìyí?"

Ó wò ó. Ó mọ̀ ọ́n. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹkì ò sí mọ́ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn tó ní in, òkè òkun ni wọ́n ń kó o lọ. Tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí i, ayùn mélòó ló máa kú lé e lórí? Igi àfàrà lèyí. Gẹdú tó ti pẹ́ nínú ọ̀sà ni, ó sì máa lo ọdún mẹ́ta, mẹ́rin. Ó ṣáà dáa ju arère lọ."

"O mọ̀ pé ó máa rì tí wọ́n bá jù ú."

"Kò sí igi tó mu omi yó tí kì í rì." Ó tiẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ẹkì ni o. Ẹ̀yin lẹ jù ú. Ẹ̀yin lẹ ké pé ó rì. Ẹ̀yin lẹ pàtẹ́wọ́. Èmi dúró, mo ń wò yín ni."

Mo ti ń gbé ayé bọ̀ ọjọ́ ti pẹ́, ẹnikẹ́ni kò tíì bú mi tó bẹ́ẹ̀. Ó lo àṣà wa láti fi dì wá lójú, ó tún ní àwa la so ó! Mo ní ọdún mẹ́ta tó ń sọ yẹn, ṣé ó mọ̀ pé ọmọ Títí á ti máa sáré lórí rẹ̀ nígbà náà?

"Ta ló máa mọ̀, Ẹ̀gbọ́n?"

"Mọ́nsúrátù máa mọ̀."

Ó wá ní, "Ẹ̀yin lẹ fà mí kalẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fà mí lulẹ̀, a jọ máa ṣubú ni."

Mo gbé igi mi, mo jáde. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn náà ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kẹfà

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo lọ bá Alhaji Sàlàkọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Mo sọ gbogbo rẹ̀, mi ò fi orúkọ ẹnikẹ́ni pamọ́. Mo ní kí wọ́n pe ìgbìmọ̀, kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, kí wọ́n tún igi jù.

Wọ́n ń fa ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà wọn lọ. Wọ́n ní, "Ìyá Títí, a ti ké e. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, a kì í ju igi lẹ́ẹ̀mejì. Tá a bá wá yí ohùn padà, ta ló tún máa gba ẹnu àgbà gbọ́?"

"Alhaji, ṣé ẹnu àgbà ló máa gbé ọmọ tó bá já sómi ni?"

"Ẹ má gbóhùn sókè nínú ilé mi."

"Ẹ má bínú, mo gbàgbé pé itan àgbò ti dí yín lẹ́nu."

Ó burú. Mo mọ̀ pé ó burú. Ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, tí mo ń kúnlẹ̀ kí. Ojú wọn yí padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde, ẹyin ni, kò ṣeé kó. Mo gbé igi náà kalẹ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì rẹ̀ lórí ẹní wọn, mo ní kí wọ́n máa fi jókòó ṣe àlùwàlá, mo sì bá tèmi lọ.

Ọjọ́ Ajé, 23 oṣù Kẹfà

Alhaji kò pe ìpàdé. Wọ́n ti ń kun èbúté ní funfun àti búlúù. Àbámẹ́ta ni wọ́n máa ṣí i.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kẹfà

Alhaji kò sí nílé láti àná. Wọ́n ní ó rin ìrìn àjò lọ sí Ijanikin. Ó sá fún mi ni. Kí àgbàlagbà tó ń fọ̀rọ̀ ìlú lé ẹnu wá sá lọ sí Ijanikin nítorí èmi Fàúsátù!

Títí ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. "Màámi, gbogbo ìdílé ló ń pè mí. Wọ́n ní ẹ fẹ́ ba Bọ̀ọ̀dá Akínṣọlá lórúkọ jẹ́. Ẹ jẹ́ ká ṣí i ná, ká máa fi ẹ̀sọ̀ rìn."

Mo ní, "Ìwọ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n bá fún aláìsàn ní ayédèrú oògùn, ṣé wàá ní kó máa fi ẹ̀sọ̀ gbé e mì?"

Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sórí àpótí, mo bá a fi omi gbígbóná rà á. Àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní kó kọ́kọ́ kọjá lórí rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun Títí ni yóò sì ṣáájú wọn, pẹ̀lú oyún rẹ̀, kó lè dùn ún wò nínú fọ́tò. Akínṣọlá ló dá a lábàá. Mi ò lè kọ ohun tó ń bẹ nínú mi sórí bébà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹfà

Òjò kò rọ̀. Mo kírun Sùbúhì, mo ká ẹní mi, mo lọ tẹ́ ẹ sí ẹnu èbúté gan-an níbi tí pákó ti bẹ̀rẹ̀, mo jókòó sórí rẹ̀. Mọ́nsúrátù rí mi. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ wọ́ ara rẹ̀ wá, ó jókòó tì mí.

Èrò dé. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé a fẹ́ ríran dáadáa ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé a ò dìde, ariwo sọ. Ẹnì kan ní orí mi ti dàrú láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ẹnì kan ní owó ni mo béèrè lọ́wọ́ Akínṣọlá tí kò fún mi. Èyí tó dùn mí jù ni ìyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ní, "Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ mú un wá?" Àwọn ọmọ iléèwé tò sẹ́yìn nínú aṣọ wọn tí wọ́n ti lọ̀, Títí sì dúró níwájú wọn. Ó ń wò mí, omi ń bẹ lójú rẹ̀.

Akínṣọlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú aṣọ funfun rẹ̀. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ dìde. Gbogbo ayé ń wò wá."

Mo ní, "Ìwọ ló ní kí gbogbo ayé wá."

Ìgbà náà ni Alhaji Sàlàkọ́ dé, wọ́n mú wọn lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀ látinú mọ́tò. Mo ti múra láti jà. Mo rí i pé àpò ìrẹsì mi ló wà ní abíyá wọn.

Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì wà láyé ní Ijanikin. Kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ pé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló jẹ́ aṣojú obìnrin nígbà tí wọ́n rì àwọn òpó àtijọ́. Mo lọ bi í kí ló dé tá a fi ń gbé ìdajì igi lọ sílé ìdáná. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Sàlàkọ́, ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ṣé ẹ ti gbàgbé? Èyí tẹ́ ẹ jù sómi lójú ayé, ti ariwo nìyẹn. Èyí tó wà lórí àjà ni ìdánwò. Tó bá gbẹ tán ni wọ́n tó ń jù ú, ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń ké.'"

Wọ́n yọ igi jáde. Wọ́n ní, "Àwa la kánjú. Àwa la gé àṣà sí méjì, a mú ibi tó dùn."

Wọ́n jù ú.

Ó bọ́ sómi, ó rì díẹ̀, ó sì ta padà sókè bí ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ó dùbúlẹ̀ sójú omi níbẹ̀. Omi ń fà lásìkò yẹn, ó sì ń gbé e lọ díẹ̀díẹ̀ kọjá lábẹ́ èbúté funfun àti búlúù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó bàbá mi. Gbogbo wa ń fojú bá a lọ.

Mọ́nsúrátù fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ilẹ̀. "Kò rì!" Ohùn rẹ̀ nìkan ni. Lẹ́yìn náà ni Alhaji wí pé, "Kò rì." Àwọn yòókù wá gbà á lẹ́nu wọn.

Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Títí ti ń kó àwọn ọmọ iléèwé padà sílé.

Ọjọ́ Àìkú, 29 oṣù Kẹfà

Fóònù kò sinmi. Ìdílé ní mo fi ọwọ́ ara mi dá ọmọ wa lójú tì. Mo bi wọ́n pé nígbà tó ń kun ọ́ìlì sára igi, ṣé ọwọ́ mi ló fi kùn ún? Mo lọ kúnlẹ̀ bẹ Alhaji nítorí ọ̀rọ̀ itan àgbò. Wọ́n ní àwọn ti jẹ ẹ́ tán, kò sí bí àwọn ṣe lè dá a padà. Mo rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ yìí wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Keje

Wọ́n ń tú pákó. Ìgbìmọ̀ ní Akínṣọlá ni yóò tún un ṣe, òun kan náà, pẹ̀lú ẹkì tòótọ́. Mo gbọ́ pé ó ta mọ́tò rẹ̀. Mo rí i létí omi nínú bàtà òjò, òun fúnra rẹ̀ ń fa ìṣó yọ. Ó kí mi. Mo dáhùn ní ẹnu lásán. Inú mi kò tíì rọ̀, mi ò sì ní purọ́ fún bébà pé ó ti rọ̀.

Òjò kò dáwọ́ dúró. Títí ṣì ń wọ́ omi lọ wọ ọkọ̀. Òkè ti wá àpótí kan tó máa ń gbé sínú omi kó fi gùn ún.

Ọjọ́ Ẹtì, 25 oṣù Keje

Igi dé. Kò sí ọ́ìlì lára rẹ̀. Ó pupa rokoṣo bí ilẹ̀ amọ̀, àwọn tóótòòtó funfun sì wà lára rẹ̀ bí iyọ̀. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé pákó kan, wọ́n sì ń kérora. Muheez mú ìṣó, ó lù ú, ìṣó ká kò. Ó lu òmíràn, ó ká kò. Ó wò mí, ó ní, "Màmá, èyí ò gba àlejò o." Wọ́n lọ wá dírìlì.

Wọ́n gé e, wọ́n là á. Alhaji ju ìdajì sómi, ó rì. Kò sẹ́ni tó ké. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi, bí àwọn ọmọ kíláàsì mi àtijọ́ nígbà tí mo bá ní kí wọ́n má kọ nǹkan kan ná. Akínṣọlá fúnra rẹ̀ ló gbé ìdajì kejì tẹ̀ lé mi délé. Ó fa àga, ó gbé e sórí àjà, ó sọ̀kalẹ̀, ó fọ ọwọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kẹjọ

Oòrùn. Òjò ti sinmi láti ọjọ́ mélòó kan. Mo ń fi igi dáná lójoojúmọ́ lábẹ́ àjà yẹn, bí mi ò tiẹ̀ ní nǹkan tí mo fẹ́ sè. Títí ní èéfín ń ta òun lójú. Mo ní èéfín yẹn sàn ju kí pákó já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lọ.

Akínṣọlá wá ní ọ̀sán. Ó ti rù. Ó dọ̀bálẹ̀, mo ní kó dìde. Títí gbé omi fún un, ó mu ún. Ó ń wo òkè àjà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rò pé ó ti gbẹ?"

Mo ní kó sọ ọ́ kalẹ̀. Títí bu omi kún abọ́ ìfọṣọ ńlá, ó gbé e sí àárín ilé ìdáná. Akínṣọlá fi ọwọ́ méjèèjì gbé igi náà. Ó dúró díẹ̀ kó tó jù ú, mo sì rí i pé ẹ̀rù ń bà á gan-an. Inú mi dùn sí i pé ẹ̀rù ń bà á.

Ó jù ú. Omi ta sí wa lára. Igi náà kan ìdí abọ́, gbì! Kò sún.

Títí fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Akínṣọlá bojú wò mí, ojú rẹ̀ kún fún omi, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti pàtẹ́wọ́.

Mo ní, "Sọ ọwọ́ rẹ kalẹ̀. Yọ ọ́ jáde, nù ún, kí o gbé e padà sórí àjà. Kò tíì gbẹ tó."